Ohùn Rédíò Ń Lọ Sókè, Kò Sẹ́ni Tó Fọwọ́ Kàn Án: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú BMW 7 Series

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni BMW 7 Series tó jáde lọ́dún 2015, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní G11, tí èyí tó gùn jù ú lọ sì ń jẹ́ G12. Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń gbé wá nípa rẹ̀ kò gùn. Awakọ̀ àti ẹni tó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń tàkúrọ̀sọ, rédíò ń kọrin jẹ́jẹ́, àfi bí ohùn rédíò ṣe ṣàdédé lọ sókè. Kò sẹ́ni tó yí kókó rédíò, kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì ara sítíárìn. Nígbà mìíràn, ìpè fóònù ló máa wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó pinnu bóyá òun máa gbé e, ìpè ti gé. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé rédíò ti bàjẹ́, tàbí pé wáyà kan ti kan ara wọn níbì kan. Rewaya tí kò mọ irú ọkọ̀ yìí lè tú dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀ nítorí ẹ̀, kó sì dá wàhálà tí kò sí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́. Kámẹ́rà kan wà lájà ọkọ̀ tó ń wo ọwọ́, ó rí ọwọ́ tó ń yí, ó sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó ṣe.

BMW 7 Series yìí ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé tó ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti wọ inú 5 Series, X5, 3 Series àti àwọn mìíràn, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó ra ọkọ̀ náà ní tuntun ló ń sanwó lé e nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ lè máà mọ̀ pé ó wà nínú ọkọ̀ òun rárá. Ìwé ìlò ọkọ̀ kì í sábà bá tòkunbọ̀ sọdá òkun, ẹni tó sì ń tà á ní ọjà ọkọ̀ Bẹ́rẹ́jà kò ní dúró ṣàlàyé ohun tí ìka ń ṣe.

Ohun mẹ́rin tó ń gbé ohùn sókè

Kí a tó dá kámẹ́rà lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká yẹ ohun tó rọrùn wò. Àkọ́kọ́ ni ètò tó ń gbé ohùn rédíò sókè bí eré ọkọ̀ bá ṣe ń pọ̀, kí ariwo táyà àti afẹ́fẹ́ má bàa bo orin mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ló ní in. Díẹ̀díẹ̀ ni tirẹ̀ máa ń lọ: ohùn á ga nígbà tí ọkọ̀ bá jáde nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, á sì tún rọlẹ̀ nígbà tí eré bá dín kù. Ibi ìṣètò ohùn ni wọ́n ti ń dín in kù. Èkejì ni bọ́tìnnì ara sítíárìn tó ti há, pàápàá bí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò bá ti dà sí i rí. Ìyẹn kì í dúró lágbede méjì. Apá kan ló ń lọ, títí ohùn á fi débi tó ga jù, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ dúró tí gbogbo ọwọ́ sì wà lórí itan. Ẹ̀kẹta ni kókó rédíò fúnra rẹ̀. Tí ìdọ̀tí bá ti wọ̀ ọ́, ohùn á máa fò sókè sódò, àmọ́ ìgbà tí èèyàn bá ń yí i nìkan ni.

Ẹ̀kẹrin ni ìfọwọ́júwe, ìyẹn fífi ọwọ́ pàṣẹ fún ọkọ̀ lófuurufú níwájú kámẹ́rà, láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ti òun ni pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà lófuurufú nítòsí ojú sikirín kó tó ṣẹlẹ̀.

Ìdánwò tó ń yanjú rẹ̀ kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ dúró, ẹ fi jíà sí P, ẹ tan rédíò sí ohùn kékeré. Kí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ gbé ọwọ́ lé itan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí ohùn bá yí padà láàárín ìgbà yẹn, ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ lọ wo bọ́tìnnì sítíárìn. Tí kò bá yí, kí ẹni tó wà nídìí sítíárìn máa sọ ìtàn kan tó gba ọwọ́ jíjù, kó sì jẹ́ kí ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sikirín máa ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é. Bí ohùn bá ti gòkè, ẹ wọ inú ibi ìṣètò iDrive, ìyẹn ètò tó ń darí sikirín ọkọ̀, ẹ wá «Gesture control», ẹ pa á, kí ẹ tún ìtàn kan náà sọ. Tí ó bá dákẹ́, ẹ ti rí i. Bí ẹ kò bá rí «Gesture control» níbẹ̀ rárá, ọkọ̀ yẹn kò ní in, ibòmíràn ni kí ẹ ti máa wá a.

Ohun tí kámẹ́rà ń rí

Kámẹ́rà náà wà nínú pánẹ́ẹ̀lì òkè, nítòsí iná ìkàwé, ó ń wolẹ̀. Ibi tó ń wò kò fẹ̀ púpọ̀: abẹ́ dígí ìwẹ̀yìn àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, níbi tó ga tó ojú sikirín. Ọwọ́ tó wà lórí jíà ti lọ sílẹ̀ jù, èyí tó wà lórí sítíárìn ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù. Àmọ́ ibi tí ọwọ́ èèyàn máa ń bọ́ sí nígbà tó bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni.

Kì í ya fọ́tò bíi ti kámẹ́rà fóònù. Ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú èèyàn kì í rí, ló ń tàn sílẹ̀, ó sì ń wọn bó ṣe pẹ́ tó kí ìmọ́lẹ̀ náà tó lu ọwọ́ padà wá. Sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Melexis, MLX75023 lorúkọ rẹ̀, ó ní ojú (pixel) 320 ní ìbú àti 240 ní òró, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 76,800. Ojú kọ̀ọ̀kan ń sọ bí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ilé iṣẹ́ Delphi ló to ẹ̀rọ náà jọ. Ètò tó ń túmọ̀ ohun tó rí wá láti ọ̀dọ̀ SoftKinetic ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tí Sony rà lọ́dún 2015 kan náà.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe kéré tó. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Tí ọwọ́ bá wà ní 50 sẹ̀ǹtímítà sí kámẹ́rà, mítà kan ni àlọ àti àbọ̀, ìyẹn ìdá 3.3 péré nínú bílíọ̀nù. Kò sí bí aago kékeré inú ọkọ̀ ṣe máa ka ìyẹn ní tààrà, kó sì tún ṣe é lójú 76,800 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé ìmọ́lẹ̀ náà ń tàn, ó ń kú, ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sẹ́ńsọ̀ wá ń fi ìtànkú tó padà wá wé èyí tó ń jáde lọ, láti mọ bó ṣe pẹ́ sẹ́yìn tó. Ká fi 20 mílíọ̀nù ìgbà ṣe àpẹẹrẹ: ohun tó bá wà ní mítà 7.5 ni ìtànkú rẹ̀ á pẹ́ sẹ́yìn ní odindi ìyípo kan. Ọwọ́ tó wà ní 50 sẹ̀ǹtímítà á pẹ́ ní ìdá kan nínú 15, èyí tó jẹ́ dígírì 24 nínú 360. Sẹ̀ǹtímítà kan péré kò tó ìdajì dígírì. Ìyẹn ni kámẹ́rà ní láti rí kí ó tó mọ̀ pé ìka kan yọ síta lára ọwọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ètò á ju gbogbo ohun tó jìnnà ju ibi tó ń ṣọ́ lọ dànù: ìjókòó, jíà, itan. Á wá ọwọ́ nínú èyí tó kù, á wá ṣóńṣó ìka, á sì máa tọpasẹ̀ rẹ̀ láti àwòrán kan dé èkejì.

Ìbéèrè kan wà tó tọ́ kí a dáhùn, nítorí àwọn kan ti rí i níbi ẹ̀rọ tó ń pọn ọṣẹ fúnra rẹ̀, tí kò dá ọwọ́ aláwọ̀ dúdú mọ̀: ṣé kámẹ́rà yìí náà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí méjì ló sì fà á. Ohun tó ń sọ àwọ̀ di dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ìmọ́lẹ̀ infrared mì bó ṣe ń gbé èyí tí ojú ń rí mì, nítorí náà ìyàtọ̀ àárín àwọ̀ kan àti òmíràn á ti dín kù gan-an tó bá di ibẹ̀. Ìkejì ni pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pẹ́ tó ni kámẹ́rà ń wọ̀n. Bí ó ṣe pọ̀ tó kò jọ ọ́ lójú, tí èyí tó padà wá bá ṣáà ti tó o wọ̀n.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ohùn rédíò ló ń ṣe é jù

Ìfọwọ́júwe márùn-ún ló bá ọkọ̀ náà wá lọ́dún 2015. Kí èèyàn na ìka ìlábẹ̀, kó sì máa fi yí òbírí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ohùn á lọ sókè. Tó bá yí i sódì, á wálẹ̀. Kí ó fi ìka ìlábẹ̀ tọ́ka síwájú sí sikirín, kó sì fà á padà, ọkọ̀ á gbé ìpè fóònù tó ń dún. Kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú sikirín kọjá lófuurufú sí apá ọ̀dọ̀ èrò iwájú, ìpè á gé, tàbí kí ìfitónilétí tó wà lójú sikirín kúrò. Kí ó na ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín síwájú pọ̀, ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá yàn ló máa ṣẹlẹ̀. Kí ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fún nǹkan mú lófuurufú, kó sì gbé ọwọ́ náà sọ́tùn-ún sósì, àwòrán àyíká ọkọ̀ á máa yí lójú sikirín.

Ẹ wò ó dáadáa, gbogbo wọn kò rí bákan náà. Títọ́ka sí ìpè tàbí gbígbá a kúrò kò ní ìtumọ̀ àfi tí ìpè tàbí ìfitónilétí bá wà lójú sikirín. Fífún ọwọ́ kò ní ìtumọ̀ àfi tí àwòrán àyíká ọkọ̀ bá wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wọn ń ṣí, ó ń tì. Ti ohùn rédíò kì í tì. Níwọ̀n ìgbà tí orin bá ṣáà ti ń lọ, ìka tó bá yí láàárín ibẹ̀ ti pàṣẹ. Kámẹ́rà kò lè mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí tàbí ẹlòmíràn, ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun tó ń jẹ́ «mo ń bọ̀» sí gbogbo orúkọ tí wọ́n bá pè nínú ilé. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni àṣìṣe náà wà, kò sí nínú ojú kámẹ́rà. Kámẹ́rà ríran dáadáa.

Ẹ sì wo ohun tí ọwọ́ wa ń sọ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń júwe ọ̀nà, tó ní «ẹ máa dé ráńdábáùtù, ẹ yí i po», ìka rẹ̀ á ti yí òbírí kó tó parí gbólóhùn. Ẹni tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣáà ń lọ bẹ́ẹ̀ títí, ìka rẹ̀ náà á yí. Ẹni tó ní «ẹgbẹ̀rún méjì péré ni» á na ìka méjì, ohun tí wọ́n yàn fún ìka méjì á sì ṣẹlẹ̀. Tí fóònù bá dún, tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá na ìka sí sikirín pé «ta ló ń pè un?», ọkọ̀ lè gbé ìpè náà sórí ẹ̀rọ agbóhùn, kí gbogbo ọkọ̀ máa gbọ́ ohun tí wọn ò pè wọ́n sí. Tí awakọ̀ bá sì ju ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé «ẹ má dá a lóhùn», ó ti gé ìpè náà nìyẹn, ìyẹn ló sì fà á tí àwọn kan fi ń rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń ṣe wọ́n. Kò sọ pé ọwọ́ awakọ̀ nìkan ni. Ọwọ́ èrò iwájú tó bá wọ ibi tí kámẹ́rà ń ṣọ́, ọwọ́ ni.

Àwọn tó kọ ètò náà mọ̀. Wọ́n lè ní kí ìka yí lẹ́ẹ̀mejì kí ohùn tó yí padà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó lóòótọ́ á ní ó lọ́ra, á ní kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n lè ní kó gbọ́ ọ̀rọ̀ kíákíá, ìyẹn á sì máa dá ìtàkúrọ̀sọ lóhùn. Kò sí ibi tí wọ́n máa gbé òṣùwọ̀n náà sí tí ẹnìkan kò ní ráhùn. Ohun tó wà nínú ìwé ìlò ni pé kí èèyàn yí ìka náà jẹ́jẹ́; ó sì jẹ́ pé jẹ́jẹ́ náà ni ìka àwọn àgbàlagbà máa ń yí tí wọ́n bá ń ṣàlàyé.

Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn gba ọ̀nà mìíràn lọ. Volkswagen Golf 7 tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n fi hàn ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ní sikirín ńlá Discover Pro tó jẹ́ ínṣì 9.2. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ sikirín fúnra rẹ̀, ọwọ́ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, gbígbá sọ́tùn-ún tàbí sósì nìkan ló sì mọ̀. Ó mọ ohun díẹ̀, nítorí náà ìtàkúrọ̀sọ kì í tètè kó sí i lórí. Mercedes gbé tiwọn jáde nínú CLA ọdún 2019. Òun náà ní kámẹ́rà lókè, àmọ́ ó ń ya ọwọ́ awakọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ èrò. Tí ọwọ́ bá nà lọ sí dígí ìwẹ̀yìn nínú òkùnkùn, iná ìkàwé á tàn. Òye wà nínú ìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó máa ń na ọwọ́ lọ síbẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀ lásán.

Ohun tó ń mú kí ó burú sí i

Dígí ìwẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tẹ̀súbà, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, lọ́fínńdà onípáálí, káàdì ìwọlé ẹ́sítéètì: gbogbo ohun tó bá ń fì lára dígí wà láàárín kámẹ́rà àti ọwọ́. Ìwé ìlò ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ka ohun tí wọ́n so mọ́ dígí mọ́ ohun tó ń dí kámẹ́rà lọ́wọ́. Ẹ kó wọn kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú kámẹ́rà. Eruku ọyẹ́ máa ń bò ó, òróró ìka àwọn tó ń tan iná ìkàwé sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Eruku máa ń fọ́n díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà kó tó dé ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ tó pẹ́ àti èyí tí kò pẹ́ á dàpọ̀, ìka tó wà lójú kan á wá dà bí ẹni pé ó ń gbọ̀n. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ojú ti tó. Ẹ má fọ́n omi tàbí oògùn ìfọdígí sí i lójú ní tààrà, nítorí bọ́tìnnì àti wáyà wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì yẹn. Èéfín sìgá náà ń dí i lọ́wọ́, òrùka ńlá àti ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú.

Apá agbádá kò sí nínú ìwé ìlò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè ni kámẹ́rà ti ń wo ọwọ́. Aṣọ gbọọrọ tó bo ọrùn ọwọ́ mọ́lẹ̀ kò jẹ́ kó rí ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀, etí aṣọ tó ń fì sì lè dà bí ìka tó ń rìn. Ẹ ká apá agbádá sí èjìká kí ẹ tó wakọ̀. Ìyẹn tún dára fún sítíárìn pàápàá.

Oòrùn ọ̀sán tó ń gba iwájú wọlé ní infrared tirẹ̀ nínú. Asẹ́ tó wà lójú kámẹ́rà ń yọ púpọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ń lu ọwọ́ ní tààrà, ìfọwọ́júwe lè máà gbọ́ rárá. Ẹ rántí pé ìyẹn yàtọ̀ sí ẹjọ́ wa. Kámẹ́rà tí oòrùn fọ́ lójú, tàbí èyí tí wọ́n gbàgbé láti ki wáyà rẹ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ aṣọ àjà ọkọ̀, kì í yí ohùn rédíò. Kì í ṣe nǹkan kan. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń tan ìmọ́lẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà fóònù wò ó nínú òkùnkùn: àwọn fóònù kan á fi àwọ̀ àlùkò ràkọ̀ràkọ̀ hàn, bó ṣe máa ń rí níwájú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Tí fóònù kan kò bá rí i, kò tíì fi hàn pé ó ti kú, nítorí àwọn fóònù mìíràn máa ń sé infrared mọ́ta.

Fún àwọn tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ òsì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sikirín, nítorí apá ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà. Ìtumọ̀ kò yí padà, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí náà ni ohùn á ṣe ga. Àmọ́ òbírí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ọwọ́ òsì yí kì í gún, á rí ṣágbaṣàgba, kámẹ́rà sì lè pa á tì. Ní Nàìjíríà tí a ti ń rìn lápá ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ ọ̀tún ni, ó sì ń yí dáadáa. Bóyá ìyẹn gan-an ni kò ṣe wá láǹfààní.

Bí a ṣe ń yanjú rẹ̀

Fún ẹni tó máa ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ìmọ̀ràn tiwa ni kó pa á pátápátá. Bọ́tìnnì ohùn wà lára sítíárìn, kókó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù, méjèèjì ṣe é fọwọ́ mọ̀ láìwòye. Ìfọwọ́júwe kò fún ọwọ́ ní ohun tó máa fi mọ̀ pé àṣẹ ti wọlé, ojú ló sì sábà máa ń lọ wò ó. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò lójú pópó, gbé jáde lọ́dún 2013 ni pé kí ìwò kan ṣoṣo kúrò lójú ọ̀nà má ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ní eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ti rin nǹkan bí mítà 55 láàárín ìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ kó wà, kó kọ́kọ́ kó ohun tó so mọ́ dígí kúrò, kó nu ojú kámẹ́rà, kó sì fi ìka méjì sí ohun tí kò lè dá ìpalára sílẹ̀ tó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Pípa ohùn rédíò mọ́ dára. Kó má fi í sí pípe nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Tó bá fẹ́ lo ti ohùn, kó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ibi ìgbọ́wọ́lé àárín, kó ká ìka mẹ́ta yòókù mọ́ àtẹ́lẹwọ́ dáadáa, kó sì yí òbírí tó fẹ̀ tó ẹnu ife, kò yẹ kó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìka tó ń yí nígbà tí gbogbo àtẹ́lẹwọ́ là sílẹ̀ ló ń da ọ̀rọ̀ rú jù.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń jẹ́ kí ẹjọ́ yìí padà wá lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Ọ̀pọ̀ ìṣètò inú ọkọ̀ yìí ló wà lábẹ́ prófáìlì awakọ̀ kọ̀ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá fi ṣí ọkọ̀ ló sì ń sọ prófáìlì tó máa jáde. Ọ̀gá lè pa á lórí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí èyí tó wà lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ṣí ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yẹ «Gesture control» wò nínú ìkọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dá ọkọ̀ padà fún ẹni tó ni ín.